Fáìlì Tó Dàgbà Ju Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Lọ

Ìbíwùnmí Ládélé kò tíì jókòó tán tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Sàlísù fi ti ìwé kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, tó sì fi ìka lé ìlà kan tó ti fi báírò pupa yí po.

"Màdáàmù, ẹ bá mi wo déètì yẹn."

Ìbíwùnmí yọ awò ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó fi etí ìró nù ún, ó wo ìwé náà. Orúkọ fáìlì kọ̀ǹpútà kan ni, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn sì wà níwájú rẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2002, agogo méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì.

"Mo ti rí i. Kí ló ṣe é?"

"Ọdún 2004 ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà yẹn, mà. Oṣù keje ọdún 2005 ni wọ́n wọn ilẹ̀ tó wà nínú fáìlì ọ̀hún. Báwo ni fáìlì ṣe máa dàgbà ju kọ̀ǹpútà tó bí i lọ? Àfi kí ọwọ́ ẹni tó mọ ìfun kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ti ọmọbìnrin yẹn mọ́lé."

"Tó bá dá ẹ lójú, o ò ní ránṣẹ́ pè mí."

Sàlísù fọwọ́ ra orí.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ìbíwùnmí fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì sí Mówè, níbi tó ti sọ fún tẹbí tará pé ìgbín ni òun fẹ́ máa sìn. Ìgbín náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí olówó wọn kò ráyè tà wọ́n, kò sì ráyè pa wọ́n jẹ. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó kọ́ níṣẹ́ kì í wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Sàlísù yìí ló burú jù nínú wọn. Èèyàn dáadáa ni o, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́, pàápàá bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá wọ agbádá.

Ẹni tó wọ agbádá lọ́tẹ̀ yìí ni Alàgbà Adépọ̀jù, awọnlẹ̀, tó ní ọ́fíìsì kan ní Ìbafò àti òmíràn ní Ifọ̀. Òun ló wọn ilẹ̀ ilé-ìwé tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Àsmá'ù dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Àsmá'ù wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ikán ti jẹ ìwé àwòrán ilẹ̀ òun tán, kí wọ́n bá òun tẹ òmíràn. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó padà dé, tí wọ́n tẹ ìwé náà fún un, òkúta ààlà ilẹ̀ rẹ̀ ti sún sẹ́yìn nínú ìwé: pápá ìṣeré àti yàrá ìkàwé méjì ti bọ́ sórí ilẹ̀ ẹnì kejì, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Ọmọlabí tó ń ya àwòrán fún Alàgbà wo ìwé náà láti ẹ̀yìn, ó sì kígbe lójú gbogbo èèyàn pé, "Èyí kọ́ ni mo yà o!" Bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ṣe dé. Wọ́n wá ẹ̀dà ti ọ́fíìsì, wọn ò rí i. Ẹ̀dà tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ ìjọba, Alàgbà kò tíì fi í ránṣẹ́ láti ọdún méjì. Ó wá na ìka sí Morádéyọ̀, ọmọbìnrin tó kọ kóòdù sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Agogo méjì ọ̀sán òní ni ọkọ̀ máa gbé e lọ sí kóòtù ní Ṣàgámù," ni Sàlísù wí.

Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́wàá. Ìbíwùnmí mọ ohun tí agogo méjì túmọ̀ sí fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá ti lè ka ẹ̀sùn ayédèrú sí i létí báyìí, ta ni yóò tún gbé kọ̀ǹpútà lé e lọ́wọ́? Iṣẹ́ tó fi ojú àti oorun kọ́ ti parí nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ dá a láre lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Sàlísù rí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ó mọ̀ pé bí bàtà bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀gá òun, orí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Mú ọmọ náà wá."

*

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn. Ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ sì ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Ebi ò pa mí, mà."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ebi ń pa ẹ́. Sàlísù, wá búrẹ́dì àti mínírà fún un." Ìbíwùnmí dúró títí tí Sàlísù fi jáde. "Ó dáa. Ṣàlàyé iṣẹ́ tó o ṣe fún Alàgbà fún mi bí ẹni pé mi ò rí kọ̀ǹpútà rí. Ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ọmọ náà, kò yọ tán.

"Gbogbo àwòrán ilẹ̀, Ìbafò níbí ni wọ́n ti ń yà á, mà. Ọ̀gá wá fẹ́ kí ẹ̀dà ẹ̀ wà ní Ifọ̀, tórí iná, tórí olè. Mo kọ kóòdù kan ní C, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Kíláyẹ́ǹtì là ń pe irú ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìránṣẹ́ ni mo sọ ọ́. Tó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á pe kọ̀ǹpútà Ifọ̀ lórí fóònù, á bi í pé kí ló ní nílẹ̀. Á fi wé tibí. Èyí tí Ifọ̀ ò bá ní ló máa gbé lọ."

"Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, mà. Láìnì yẹn ò dáa rárá, ó máa ń já. Mo wá kọ ọ́ kó máa gbé fáìlì díẹ̀díẹ̀, tó bá já, ibi tó bá a dé ló ti máa tẹ̀ síwájú. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ ọ́." Ó sọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí bí ìyá tó ń sọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀.

"Báwo ni Ìránṣẹ́ ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó gbé? Ṣé ó ń ka inú gbogbo wọn ni?"

"Rárá, mà. Tó bá ń ka inú ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú. Déètì ló ń wò." Ó mú báírò orí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn ìwé kan padà, ó sì kọ ìlà mẹ́rin láì dáwọ́ dúró:

if (tibi.ojo > tohun.ojo)
    gbe(faili);
else
    fi_sile(faili);

Ìbíwùnmí tẹ̀ síwájú. "Yorùbá lo fi kọ ọ́?"

"C ni, mà. Orúkọ àwọn nǹkan inú ẹ̀ nìkan ni mo fi Yorùbá pè, kó lè máa yé mi. Tí ọjọ́ tibí bá tuntun ju ti ọ̀hún lọ, kó gbé e. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó fi sílẹ̀."

Sàlísù wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì. Ìbíwùnmí kò wò ó.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n sọ fún ẹ pé ó wà lára fáìlì tó dá wàhálà yìí sílẹ̀?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, mà. Wọ́n kàn ní èmi ni mo yí i."

"Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 2002."

Morádéyọ̀ gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀. "Jánúárì kìíní? Mà, ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn máa ń jí nìyẹn!"

"Tó máa ń kí ni?"

"Bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá a rántí déètì. Ó ti kú láti nǹkan bí ọdún méjì. Tí wọ́n bá ti pa á, tàbí tí wọ́n bá mú iná lọ, ó ti gbàgbé ayé nìyẹn. Tí wọ́n bá tún tàn án, Jánúárì kìíní 2002, agogo méjìlá òru ló máa sọ. Ẹni tó bá tàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò déètì kó tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ la mọ̀."

Nígbà yìí, Sàlísù ti jókòó.

"Nítorí náà, òru kọ́ ni agogo méjìlá òru yìí," ni Ìbíwùnmí wí jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan tan kọ̀ǹpútà náà, kò ṣètò ọjọ́ kankan, ó sì jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì kó tó tọ́jú fáìlì yẹn. Ṣé èèyàn lè tàn án láti òkèèrè? Láti ilé ẹ ní Akute, fún àpẹẹrẹ?"

"Kò ṣeé ṣe, mà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì ẹ̀ ni. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀."

"Ọlọ́pàá ti gbọ́," ni Ìbíwùnmí wí, láì yíjú sí Sàlísù. "Ìbéèrè kan ló kù. Kí ni Ìránṣẹ́ ṣe nígbà tó dé ọ̀dọ̀ fáìlì tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 2002?"

Ọmọbìnrin náà wo ìlà mẹ́rin tó kọ. Ó fi ìka tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ti Ifọ̀, 2005 ni déètì ẹ̀. Tibí gbó jù ú lọ. Á fi sílẹ̀. Mà, kò gbé e! Èyí tí Ọmọlabí yà gan-an ṣì wà ní Ifọ̀!"

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ta ló mọ̀ pé Ìránṣẹ́ kì í gbé èyí tó bá gbó?"

"Èmi nìkan. Ọ̀gá ò bi mí rí. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ohun tó bá wà níbí á wà lọ́hùn-ún." Ó ronú díẹ̀. "Ìránṣẹ́ máa ń kọ ìròyìn sílẹ̀ o, mà. Tó bá rí èyí tó gbó ju ti ọ̀hún lọ, á kọ ọ́. Kí ẹ ní kí Bólúwadúró, akọ̀wé wa, bá yín tẹ fáìlì tó ń jẹ́ 'iroyin'."

Ìbíwùnmí ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Sàlísù ti ń pe Zubair, ẹni tó ń tọ́jú ọ́fíìsì Ifọ̀, lórí fóònù. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù náà kú pátápátá.

"Bóyá wọn ò ní iná láti fi ṣáàjì," ni Morádéyọ̀ wí.

Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ti Ìbafò gba Akute dé Ifọ̀ kó sì padà kí agogo méjì tó lù.

*

Alàgbà Adépọ̀jù gba wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ohùn ẹni tó ń ka Bíbélì ní ìsìn ìsìnkú.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dọ́kàn. Bí ọmọ ni mo ṣe mú ọmọ yẹn."

"Ó yẹ kó dùn yín, Alàgbà. Àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì yìí?"

"Èmi, Ọmọlabí, àti Bólúwadúró akọ̀wé mi."

"Morádéyọ̀ ń kọ́?"

"Kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe, ẹni tó ń gba inú wáyà wọlé?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òótọ́ ni. Bóyá kí n tiẹ̀ dé Ifọ̀ náà, kí n wo tọ̀hún."

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ìbejì ni kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ohun tó bá wà níbí ló wà lọ́hùn-ún." Ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n yára jáde, kí n pe pásítọ̀ wa. Mo ti ní kí wọ́n bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí sádùúrà."

Bó ṣe jáde ni Ìbíwùnmí ní kí Bólúwadúró tẹ fáìlì 'iroyin' náà. Ìlà tó gùn ni, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ẹ̀sùn kankan. Ọjọ́ Àìkú, òfìfo. Ní ọjọ́ Ajé, Ìránṣẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìránṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: "ile-iwe-asmau: tibi gbo ju tohun lo. Mo fi sile."

Ó ká ìwé náà, ó fi sínú báàgì. Nígbà tí Alàgbà padà wọlé, ó bi gbogbo wọn léèrè pé ta ló wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àìkú.

"Èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́," ni Alàgbà wí kíákíá.

"Èmi wà ní Arépò, mà," ni Bólúwadúró wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kó ọmọ jáde." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí sí ọ̀dọ̀ Ọmọlabí, ó sì yára gbé e kúrò.

Ìbíwùnmí rí i. "Ọmọlabí?"

Òógùn bo iwájú orí ọkùnrin náà. "Mi ò wá síbí, mà."

"Bólúwadúró, kí lo mọ̀?"

"Wọ́n... wọ́n ní ìyá tó ń ta káàdì fóònù nísàlẹ̀ rí Bọ̀dá Ọmọlabí, mà. Wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀."

Sàlísù ti fọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìgbànú rẹ̀. Alàgbà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. "Ọmọlabí! Ìwọ pẹ̀lú Morádéyọ̀ lẹ jọ ṣe é?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan o! Mo wá ṣáàjì fóònù mi ni!" Ẹkún ti fẹ́ dé ohùn rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ni a ò rí iná láàdúgbò wa. Ọ̀gá sì ti ní ẹni tó bá fi epo ọ́fíìsì ṣáàjì fóònù, àwọn á lé e lọ. Ìdí tí mo ṣe parọ́ nìyẹn, mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Agogo mélòó lo dé?"

"Agogo méjì. Mi ò tan kọ̀ǹpútà rárá."

"Kò sí ẹlẹ́rìí," ni Sàlísù wí.

"Dúró ná." Ìbíwùnmí sún mọ́ Ọmọlabí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tó o fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ náà láti tàn án, báwo ló ṣe rí?"

Ọmọlabí ṣẹ́jú. "Ó gbóná, mà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi lọ́wọ́. Mo ní àbí oòrùn ni, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ló wà."

Ẹnì kan ti lò ó ṣáájú rẹ̀ nìyẹn, tí kì í bá ṣe pé ó tún ń parọ́. Ẹni tó parọ́ lẹ́ẹ̀kan lè parọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bólúwadúró lè lọ sí Arépò kó sì tún yà síbí. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lè dìde láàárín ìsìn. Àwọn mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Ìbíwùnmí wo aago: agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n kóòtù kò ní bi í pé báwo, ta ni wọ́n máa bèèrè.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ láàárín ọ́fíìsì olówó, ó dúró lórí táìlì tútù. Ó ronú kan kọ̀ǹpútà tó máa ń gbàgbé ayé. Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ la mọ̀, ni Morádéyọ̀ wí. Àwọn wo ni "àwa"?

"Sàlísù," ni ó wí, "ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ náà."

*

"Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbí ni," ni Ìbíwùnmí sọ fún wọn nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ ti dé, tí a sì ń gbọ́ ọkọ̀ àjàgbé lójú márosẹ̀. "Ẹ máa tan kọ̀ǹpútà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Tí ẹnì kan bá ṣe tán, a ó pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọlabí, ìwọ ni àkọ́kọ́."

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ọmọlabí jókòó. Bí kọ̀ǹpútà ṣe jí tán, kó tó ronú kan nǹkan míì, máòsì kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí igun ìsàlẹ̀ níbi tí aago wà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òní? Kejìlá àbí kẹtàlá?" ó bèèrè láì wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló ṣí àwòrán kan, ó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n pa iná, wọ́n tún tàn án. Bólúwadúró jókòó, ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ṣètò ọjọ́, ó sì tẹ àwòrán tirẹ̀ jáde.

"Alàgbà, ó kàn yín."

"Èmi náà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká. "Màmá rò pé àwa àgbà ò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ wò mí o."

Ó sì mọ̀ ọ́n lò lóòótọ́. Ó tẹ bọ́tìnì, ó dúró kó jí, ó sì lọ tààrà sí ibi tí àwọn àwòrán wà. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti Ọmọlabí lọ. Ìwé náà jáde, ó fà á yọ, ó sì nà án sí Ìbíwùnmí pẹ̀lú ìyangàn.

Ìbíwùnmí kò gbà á. "Bólúwadúró, kí ni ọ̀gá yín gbàgbé?"

Akọ̀wé náà yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Wọn ò ṣètò déètì, mà."

Alàgbà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Déètì wo?"

Ọmọlabí rọra fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Déètì tí àwọn ọmọ yìí ti ń ṣètò láràárọ̀ kí ẹ tó dé, láti ọdún méjì, Alàgbà. Ẹ̀yin kì í kọ́kọ́ dé, nítorí náà ẹ ò rí kọ̀ǹpútà yìí rí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ bá a lójú oorun lọ́jọ́ Àìkú. Bí Ọmọlabí bá ṣe é, ọjọ́ Àìkú ni ì bá wà lára fáìlì yẹn. Bí Bólúwadúró ni, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí Morádéyọ̀ ni, ì bá mọ ọjọ́ tó dáa jù tó yẹ kó fi sí i. Nínú gbogbo ẹni tó lè wọ yàrá yìí, ẹyọ èèyàn kan ṣoṣo ni kò mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tó yẹ kí òun ṣètò."

"Àìmọ̀!" Ohùn dídùn náà ti gbẹ. "Ṣé àìmọ̀kan ni ẹ fẹ́ fi gbé mi lọ sí kóòtù? Ẹ wá ẹ̀rí! Ìbejì ni kọ̀ǹpútà méjèèjì, ẹ̀rí kankan ò sí!"

Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù Sàlísù dún. Ó wo nọ́ńbà, ó tẹ bọ́tìnì tí gbogbo èèyàn fi lè gbọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Zubair ni, láti Ifọ̀. Mo rí i pé ẹ pè mí. A ò ní iná láti àná, ìṣẹ́jú yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé."

"Níbo lo wà báyìí?" ni Ìbíwùnmí bèèrè.

"Ìdí kọ̀ǹpútà, mà. Mo fẹ́ yára ṣe iṣẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Àwọn ni wọ́n rán ọlọ́kadà kan sí mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n pa gbogbo fáìlì 2005 rẹ́, pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́."

"Zubair! Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára ẹ̀!"

"Mà?"

"Gbé ọwọ́ kúrò! Ọlọ́pàá ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Fáìlì ilé-ìwé Àsmá'ù, ṣé ó ṣì wà?"

Wọ́n gbọ́ tí máòsì kọ̀ǹpútà ń ró kẹ́kẹ́ ní Ifọ̀.

"Ó wà, mà. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje, 2005. Ṣé kí n ṣí i? Gbogbo yàrá ìkàwé wọn ló wà nínú ààlà. Pápá náà wà níbẹ̀."

Ìbíwùnmí di ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó là á, Alàgbà Adépọ̀jù ti jókòó sórí àga Ọmọlabí, agbádá rẹ̀ sì ti yọ́ kúrò léjìká.

"Obìnrin náà fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ikán ti jẹ ìwé òun," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kó lè dá mi lójú pátápátá ni mo ṣe ní kí Zubair tún pa ti Ifọ̀ rẹ́."

*

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọkọ̀ ọlọ́pàá gbéra, Morádéyọ̀ kọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ó dúró níwájú àgọ́ pẹ̀lú búrẹ́dì tí kò jẹ tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kó lọ. Bólúwadúró sáré bá a, ó dì mọ́ ọn, ó sì mú ìwé kan tó ti ká jáde nínú báàgì.

"Màmá ní kí n wá a jáde nínú fáìlì ọ́fíìsì."

Lẹ́tà tí Morádéyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí Alàgbà lọ́dún tó kọjá ni. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá kọ̀ǹpútà ra bátìrì aago, ẹyọ kan péré, tí kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Alàgbà ti fi báírò pupa kọ èsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Kò pọn dandan. Aago ṣáà wà lára ògiri."

Ìbíwùnmí jáde láti inú àgọ́, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. "Sọ ọ́ fún mi, ọmọ mi. Ká ní ó ra bátìrì yẹn ńkọ́?"

Morádéyọ̀ wo lẹ́tà náà pẹ́. "Déètì ọjọ́ Àìkú ni ì bá wà lára ayédèrú yẹn, mà. Á tuntun ju ti Ifọ̀ lọ. Tó bá di agogo mẹ́rin ọjọ́ Ajé, Ìránṣẹ́ mi á gbé e lọ sí Ifọ̀, á sì fi bo òótọ́ mọ́lẹ̀." Ó ká lẹ́tà náà padà. "Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Ọwọ́ ara mi ni ì bá tì mí mọ́lé."

"Ahun ló gbà ẹ́ sílẹ̀," ni Ìbíwùnmí wí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wọ bàtà rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún, ẹkún tó ti ń mú mọ́ra láti àná. Ìbíwùnmí sún fún un lórí àtẹ̀gùn náà, ó sì jẹ́ kó sun ún tán.